Ọmọ tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Nígbà tí Ìyá Alálàyé kọ́kọ́ wá sí ilé ìfọṣọ láti sọ ti ẹgbẹ́ èdè, Bàbá Alágbàfọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló ń lọ̀ lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù ń mí fùùfùù lórí kọ́là, ó sì rò pé tí òun bá dákẹ́ pẹ́ tó, á sú obìnrin náà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ irú ẹni tó wá bá a. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni Ìyá Alálàyé títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti bá adájọ́ tó ń tòògbé sọ̀rọ̀, ó ti bá olè tó ń fi èdè méjì parọ́ sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ alágbàfọ̀ kan ò tó ohun tó máa lé e sá. Ó fa àga, ó jókòó, ó tún gèlè ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ilé ìwé tó wà ní ìkòríta, àmọ́ Yorùbá tí wọ́n gbọ́ ò kọjá "wá jẹun" àti "màá nà ẹ́." Ọ̀gá ilé ìwé ti gbà kí wọ́n máa kó wọn jáde lọ́sàn-án, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì máa mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn Yorùbá tó wà ládùúgbò. Onígbàjámọ̀ ti gbà. Oníbúrẹ́dì ti gbà. Onífọ́tò ń ṣagídí, ṣùgbọ́n òun náà máa gbà. Òfin kan ló wà: bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, èdè ilé ìwé dúró síta, Yorùbá nìkan ló wọlé. Ohun tí wọ́n bá ń fọwọ́ ṣe ni wọ́n máa fẹnu sọ.

"Kò sáyè ọmọdé níbí," Bàbá Alágbàfọ̀ wí. "Omi gbóná, áyọ́ọ̀nù gbóná, ọṣẹ ń ta ojú."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ gbóná jù níbẹ̀," Ìyá Alálàyé dá a lóhùn. "Ìyẹn ò ní kí n má wọlé."

Ìyàwó Bàbá wà lẹ́yìn, níbi tó ti máa ń gán bọ́tìnì tó bá já. Kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Lọ́jọ́ náà, ó gbé orí sókè kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá," ó ní.

Bàbá yíjú wò ó. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti tọrọ ohunkóhun gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀, débi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún un mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tẹ́nikẹ́ni kì í sọ lójú àwọn méjèèjì, ni pé wọ́n ti ní ọmọ rí. Obìnrin ni, òun nìkan ni wọ́n bí. Tó bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló máa ń jókòó sí, lábẹ́ àwọn aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ tán tí wọ́n sì fi náílọ́ọ̀nù bò kọ́ sórí ọ̀pá. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Wọn ò sọ Yorùbá sí i. Òfin Bàbá ni. Nígbà tóun fúnra rẹ̀ wà ní kékeré, wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì títí tí kò fi lè nawọ́ dáhùn ìbéèrè mọ́, ó sì ti búra pé ahọ́n ọmọ òun ò ní wúwo. Èdè ilé ìwé ni wọ́n ń sọ sọ́mọ, èyí tó ń tàkìtì lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n wá fi Yorùbá sílẹ̀ fún ara wọn, fún ìjà, fún àìsàn, fún òfófó ará ilé. Ohun tí wọn ò bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́, Yorùbá ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Ìwà òmùgọ̀ táwọn òbí ń fi ìfẹ́ hù pọ̀ láyé yìí, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í rí i lójú ẹsẹ̀.

Ibà ló dé. Kò pẹ́ tó fi gbé ọmọ náà lọ. Látọjọ́ náà, Bàbá ò mọ orúkọ tó máa pe ìyàwó rẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ ló fi máa ń pè é, Ìyá Lágbájá, bí ọkọ ṣe ń pe aya, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ìyá" nìkan ló ń pè é báyìí, á sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ariwo wọn pọ̀ ju ti ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Wọ́n ń ka ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń to háńgà, wọ́n ń fi ohùn gígùn pe "èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́" bí Bàbá ṣe ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kéde pé òun fẹ́ lọ sá tówẹ́ẹ̀lì sórí òkun. Okùn ló ní lọ́kàn.

"Sórí òkun!" Bàbá ní. "Tó bá gbẹ tán ńkọ́, ta ló máa wẹ̀ lọ kó o wá?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dà bí ẹni pé ó dùn ún ní ẹ̀gbẹ́, torí pé ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Ìdí tí sítáàṣì fi ń mú aṣọ gan, ó béèrè rẹ̀. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń jẹ́ "ẹ" bíi pé wọ́n pọ̀, ó béèrè rẹ̀. Ìyá Alálàyé fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹnì kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Ìbéèrè ni kó máa wo nọ́ńbà tí wọ́n gán mọ́ aṣọ lẹ́yìn, kó sì máa pè é síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá wà nídìí tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá aṣọ, ó wá gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó bínú. "Ta lò ń pè ní 'o'? Èmi? Ṣé a ò kọ́ ẹ pé àgbà là ń fi 'ẹ' bá sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, sà." Ìbéèrè yọ orí láàárín ẹ̀wù méjì. "Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, 'ẹ.' Òun, 'o.' Ẹgbẹ́ mi ni."

Ó sì nawọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, sí abẹ́ àwọn aṣọ gígùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá rò pé eré ọmọdé ni, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "ẹgbẹ́ mi" yẹn há sí i létí.

Nígbà tí wọ́n tún padà wá, Ìyá Alálàyé fúnra rẹ̀ ló gbọ́ tí Ìbéèrè ń sọ èdè ilé ìwé wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn.

"Òfin!" ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò gbọ́ Yorùbá ni, mà," Ìbéèrè ṣàlàyé. "Mo ní láti kọ́kọ́ fi tọ̀hún sọ ọ́ fún un, kí n tó kọ́ ọ ní tiwa."

Ìyá Alálàyé rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú. Ó ní òun ti rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì lọ sọ ọ́ fún oníbúrẹ́dì. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù dúró lórí ṣòkòtò oníbàárà, òórùn ìjóná ló jí i. Ó yí ṣòkòtò náà, ó rí àpá rẹ̀ tó dúdú lórí orúnkún, ó sì ká a pa mọ́ sábẹ́ káńtà.

Ó dúró kí àwọn yòókù jáde lọ sídìí ẹ̀rọ, ó wá pe ọmọ náà súnmọ́ káńtà.

"Ẹgbẹ́ rẹ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "báwo ló ṣe rí?"

"Ó wọ aṣọ ilé ìwé, sà. Kò ga tó mi." Ìbéèrè ronú. "Irun rẹ̀, wọ́n di apá kan, wọn ò di apá kejì. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní orí ń fọ́ òun."

Bàbá di etí káńtà mú. Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dirun fọ́mọ lọ́jọ́ yẹn, ó ti di apá kan tán, ó ń ya apá kejì, ni ọmọ bá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀ pé òun ò lè jókòó mọ́. Ìborùn ni wọ́n fi bo orí rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ìborùn náà ni wọ́n fi sin ín.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù náà gba gbogbo ara rẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù yẹn, ayọ̀ wà, ayọ̀ tó le débi tó fi tijú rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà nílé. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò yẹ kóun tú egbò obìnrin sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ká sòótọ́, ó fẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ tòun nìkan fúngbà díẹ̀.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá dá páropáro, á lọ dúró níwájú ọ̀pá aṣọ, á la ẹnu. Ibẹ̀ ló ń parí sí. Kò mọ èdè tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Èdè ilé ìwé ti di ohun tí kò ní ìtura kankan lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá sì nìyí, kò tíì fi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rí láyé. Ó wá ń dúró de Ìbéèrè.

"Kí lo kọ́ ọ lónìí?" á bi í.

"Imú, sà. Etí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò lè pe ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń pè é ní ẹ̀kẹ̀rẹ́."

Bàbá á tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀kẹ̀rẹ́, ẹ̀kẹ̀rẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun dídùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ìbéèrè kí wọ́n tó dé: abẹ́rẹ́, òwú, ìkúùkù, ọ̀yàyà. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá a gbé èdè rẹ̀ lọ fún ọmọ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ibi tọ́rọ̀ máa yọrí sí nìyí, ì bá ti yọ ahọ́n ara rẹ̀ fún ọmọ náà.

Ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, Ìbéèrè ti ẹ̀yìn wá, ó sì dúró tì í.

"Ó ní kí n bi yín ní nǹkan kan, sà. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun." Ọmọ náà dá ọ̀rọ̀ dúró, ó tún ẹnu rẹ̀ ṣe dáadáa. "'Jẹ́ kó máa lọ.'"

Kò sọ ọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ èdè. Ó sọ ọ́ bí ọkùnrin tó ti sunkún tán. Ohùn Bàbá gan-an ni.

Ní ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ ọmọ mú lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Má lọ, jọ̀ọ́, má lọ." Yorùbá ló fi ń bẹ̀ ẹ́, torí pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rántí òfin. Bàbá ti wo ojú dókítà. Ó ti gbọ́ bí èémí ṣe ń há ọmọ náà láyà. Ó gbá ìyàwó rẹ̀ léjìká mú, ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìgbà náà lọmọ lajú. Ó wo ìyá, ó wo bàbá, bó ṣe máa ń wò wọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá lórí rẹ̀, tí á máa retí ẹni tó máa yíjú sóun kó sọ ohun tí wọ́n ń wí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un.

Gbogbo rẹ̀ wá yé Bàbá lẹ́ẹ̀kan náà, nídìí káńtà, tòun ti háńgà lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ̀ǹda ọmọ yìí, wọ́n sì fi èdè tí kò gbọ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣì wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń dúró de ìtumọ̀. Tó bá sì rí i gbà, ó máa lọ.

"Sà?" Ìbéèrè ní.

"Ó túmọ̀ sí..." Ó yí háńgà lọ́wọ́. "Ó túmọ̀ sí pé kó jókòó. Kó jókòó síbí, kó má lọ síbì kankan."

Ìbéèrè padà sẹ́yìn, ó fi èdè ilé ìwé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní ó dáa, sà," ó ké síta. Bàbá gbé háńgà kọ́, ó sì lọ fọ ojú rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá wo ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ tún dé, Ìbéèrè ò lọ sẹ́yìn. Ó dúró sídìí káńtà, ó ń fi ìka yí bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Lọ bá ẹgbẹ́ rẹ," Bàbá ní.

"Ó ń sunkún, sà. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní ṣé títí ayé lóun máa jókòó ni?" Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Sà, Ìyá Alálàyé ti kọ́ wa ní 'lọ.' Lọ síwájú, lọ sẹ́yìn, máa lọ sílé. Kì í ṣe jókòó. Bóyá ẹ gbàgbé ni."

Láti ẹ̀yìn, àga kan dún lórí sìmẹ́ǹtì, ìyàwó rẹ̀ ti dìde. Òwú funfun ṣì ń fì lẹ́nu abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún un?" ó bi í.

"Ìyá..."

"Mo ní kí lẹ sọ fọ́mọ mi?"

"O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ rò pé kí ló mú kí n ní kí wọ́n wá?" Kò gbé ohùn sókè. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tó ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo ní bóyá ọmọ bíi tirẹ̀ á mọ̀ ọ́n."

Bàbá sọ ohun tó ṣe fún un. Ó sọ ọ́ láìgbé orí. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ títí dé ìparí, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó ń wo iná.

"Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n jẹ́ kó máa lọ. Mo fi í sílẹ̀. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹ̀yin náà lẹ wá dì í mú?"

Bàbá Alágbàfọ̀ jáde nídìí káńtà. Ó rìn dé ibi ọ̀pá aṣọ, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, níwájú ẹ̀wù ìgbéyàwó ẹnì kan àti àgbádá ẹnì kan, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá.

"Ọmọ mi," ó ní. "Mo parọ́ fún ẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ là ń sọ lọ́jọ́ yẹn. A rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní o lè máa lọ, kó o lọ sinmi. Inú ò bí wa sí ẹ. Ìwọ ló yẹ kí n sọ ọ́ fún. Ìyá rẹ ni mo sọ ọ́ fún."

Ìbéèrè kúnlẹ̀ tì í, ó ń tú u sí èdè ilé ìwé bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Alálàyé ti òde wọlé, ó gbọ́ èdè náà, ó la ẹnu láti ké òfin. Ó rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọjú sí aṣọ. Ó pa ẹnu dé, ó sì yí padà lọ kó àwọn ọmọ yòókù jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó gbọ́," Ìbéèrè ní. Ó tún dẹ etí. "Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń wí i, tó bá fẹ́ lọ?"

Ìyá ọmọ ló dáhùn.

"Sọ fún un pé a kì í sọ fún ará ilé ẹni pé mo lọ. 'Mò ń bọ̀' la máa ń wí."

Ìbéèrè fa ojú ro. "Tó bá ń lọ?"

"Tó bá ń lọ."

Ọmọ náà sọ ọ́ sábẹ́ aṣọ, díẹ̀díẹ̀, ó tún un sọ, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe fún un. Gbogbo wọn dúró. Lẹ́yìn náà, náílọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn lórí ọ̀pá mì, èyí tó tẹ̀ lé e mì, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìpẹ̀kun títí dé ìhà ẹnu ọ̀nà, bí ìgbà tẹ́ni kúkúrú kan bá ń gba abẹ́ aṣọ kọjá. Ó kan apá ìyá. Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan tó tún mì mọ́.

"Ó wí i," Ìbéèrè ní, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti olùkọ́. "Ó wí i dáadáa! Kò ṣì í rárá." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òpópónà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá yíjú sáwọn àgbà méjèèjì. "Ìgbà wo ló máa dé?"

Bàbá fa èémí láti ṣàlàyé fún un pé báyìí ni Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ lásán, pé ọ̀rọ̀ ìdágbére ni. Ìyàwó rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má ṣàlàyé ìyẹn fún un."

Bàbá pa ẹnu dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.